₦8m fún startup èèpo ẹ̀gẹ́ l'Ìjẹ̀bú-Igbó: kí ni kí wọ́n gbà, kí ni kí wọ́n dá padà?

Akọ̀wé_Àpérò
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan délẹ̀ tó yẹ ká fi ojú òwò wò. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin ti forúkọ ilé-iṣẹ́ tuntun (startup) sílẹ̀ ní CAC láti máa sọ èèpo ẹ̀gẹ́ di oúnjẹ ẹran ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó. Gbogbo wa la mọ òkìtì èèpo tó máa ń wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí: á rà, á rùn, wọ́n á dáná sun ún, omi rẹ̀ á ṣàn wọ odò. Ilé-iṣẹ́ fíìdì (oúnjẹ ẹran) ńlá kan lọ́nà Rẹ́mọ wá ní òun fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tó wà nínú ìwé tó fi ránṣẹ́ nìyí.

₦8m, tí wọn kò ní dá padà. Fún ọdún 3, wọn kò gbọdọ̀ ta fún ẹlòmíràn. Iye tọ́ọ̀nù kan á jẹ́ "iye tó bá wà lọ́jà". Owó ẹrù á máa wọlé ní ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí láàbù (ilé àyẹ̀wò) bá gbà á. Ọgbọ́n iṣẹ́ náà á di ti àwọn méjèèjì. Àmì ilé-iṣẹ́ ńlá á wà lára àpò, àwòrán á sì jáde lásìkò Ojúde Ọba.

Ẹ má wulẹ̀ kí wọn kú oríire. Ẹ bá wa tú u palẹ̀.

Ọmọ_Agẹmọ
₦8m ọ̀fẹ́ lẹ tún fẹ́ tú palẹ̀? Ẹ gbà á jàre, kí wọ́n ra ẹ̀rọ, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Aṣírò_Òde
Àbúrò, ká ṣírò rẹ̀ ná. Iye àpẹẹrẹ ni mo fẹ́ lò, kí oníkálukú fi tirẹ̀ rọ́pò. Ká ní tọ́ọ̀nù 1 ni wọ́n ń ṣe lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù, tí tọ́ọ̀nù kan ń ná wọn ní ₦100,000: owó èèpo, owó òṣìṣẹ́, dísẹ́ẹ̀lì, àpò, ọkọ̀. ₦2.6m lóṣù nìyẹn. Kí ẹrù tó kún ọkọ̀, kó tó dé ọ̀hún, kí láàbù tó fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ 15 sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọjọ́ 60 tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 75 lápapọ̀, oṣù méjì ààbọ̀. ₦6.5m ní láti ti jáde kí kọ́bọ̀ àkọ́kọ́ tó wọlé.

Bí ẹ̀rọ bá jẹ ₦6m nínú ₦8m, ₦2m ló kù, kò tó iṣẹ́ oṣù kan. Ẹ̀rọ á wà nílẹ̀, èèpo á wà nílẹ̀, owó tí wọ́n máa fi ra èèpo lọ́la ni kò ní sí. Bí wọ́n bá sì lọ yá ₦6.5m ní èlé 30% lọ́dún, èlé yẹn jẹ́ ₦1.95m, ó já sí ₦6,250 lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Ta ló wá ń ran ta lọ́wọ́? Startup ló ń yá ilé-iṣẹ́ ńlá lówó níbẹ̀ yẹn.

Ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè ni 30% lọ́jọ́ tí LPO (ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ń béèrè ọjà) bá jáde, ìyókù láàárín ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí láàbù bá gbà á. Kódà bí wọ́n bá tìtorí ẹ̀ yọ ₦1m kúrò nínú gíráǹtì (₦8m ọ̀fẹ́ yẹn), ó ṣì sàn jù.

Ọmọ_Agẹmọ
Hà. Ó ti yé mi. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ẹlẹ́rọ_Ìperu
Ẹ jẹ́ ká tún wò ó bóyá tọ́ọ̀nù 1 lójúmọ́ gan-an ṣeé ṣe. Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun, ILRI, ilé ìwádìí lórí ẹran ọ̀sìn tó wà nínú ọgbà IITA (ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀) n'Ìbàdàn, ti gbé e jáde. Ẹ ó ṣa igi, ìdí ẹ̀gẹ́ àti òkúta kúrò, ẹ ó lọ èèpo nínú ẹ̀rọ gàrí, ẹ ó dì í sápò, ẹ ó fi jáàkì fún un, ẹ ó tú u, ẹ ó jọ̀ ọ́, ẹ ó sá a. Èèpo tí a kò lọ̀ máa ń gba ọjọ́ 2 sí 3 kó tó gbẹ. Èyí tí a lọ̀ tí a sì fún lè gbẹ ní wákàtí 6 sí 8 bí oòrùn bá mú. Tọ́ọ̀nù 3 tútù ló ń di tọ́ọ̀nù 1 gbígbẹ. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín: bí omi bá jẹ́ 70%, kílò 900 péré ni kì í ṣe omi nínú tọ́ọ̀nù 3, tó bá gbẹ dé ibi tí omi ku 12%, á jẹ́ kílò 1,020 ó lé díẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ mélòó ló wà lẹ́yìn èèpo tọ́ọ̀nù 3? Bí wọ́n bá fọwọ́ bó o, èèpo máa ń tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù 15 ní láti wà níwájú àwọn tó ń bó o lójoojúmọ́, ní tòsí. Gàrí Ìjẹ̀bú sì ní láti jókòó fún ọjọ́ mélòó kan kó tó kan bó ṣe yẹ, ọjọ́ ọjà ló sì ń darí ọjọ́ bíbó. Èèpo á pọ̀ rẹpẹtẹ lónìí, lọ́la ẹ ò ní rí i. Ẹ ò sì lè tọ́jú rẹ̀ pamọ́ ní tútù, torí èyí tó bá sùn ju ọjọ́ kan lọ á gbóná, á sì bu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní láti bá abúlé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ọjọ́ ọjà wọn kò papọ̀ dá májẹ̀mú, dípò ìlú kan ṣoṣo.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kíkó èèpo tútù lọ síbi ẹ̀rọ ńlá kan. Tọ́ọ̀nù 3 tí ẹ gbé sọ́kọ̀, omi ni tọ́ọ̀nù 2 nínú ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti bó o ni kẹ́ ẹ ti lọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ ti fún un. Ìwọ̀n rẹ̀ á já sí bí ìdajì, ìyẹn lẹ máa wá kó lọ síbi ìsá. Ẹ̀rọ àti jáàkì ti wà níbẹ̀ fún iṣẹ́ gàrí, wọ́n lè háyà wọn lálẹ́ tí iṣẹ́ gàrí bá ti parí. Ẹ̀rọ ìgbẹ (èyí tó ń mú èèpo gbẹ) nìkan ló yẹ kí wọ́n rà. ₦6m tí ẹ̀gbọ́n Aṣírò fi ṣàpẹẹrẹ lè já sí ìdajì.

Ẹ̀rọ ìgbẹ yẹn pọn dandan ṣá o. Òjò tiwa kì í ṣeré, pàápàá ní oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án. Ìwé tó bá ní kí wọ́n máa kó tọ́ọ̀nù 26 wá lóṣù kọ̀ọ̀kan láìwo òjò, ìwé ìjìyà ni.

Aláàbù_Fíìdì
Gbólóhùn tó bà mí lẹ́rù jù ni "lẹ́yìn tí láàbù bá gbà á". Láàbù ta ni? Kí ni yóò wò? Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń lé ẹrù èèpo ẹ̀gẹ́ padà lẹ́nu ọ̀nà.

Àkọ́kọ́ ni omi. Tó bá ti ju 12% tàbí 13% lọ, á bu nínú àpò, èbu yẹn ló sì lè mú oró tí wọ́n ń pè ní aflatoxin wá. Ẹ̀rọ àfọwọ́gbé tí wọ́n fi ń wọn omi inú àgbàdo lè parọ́ lórí èèpo tí a lọ̀ bí a kò bá tún un tò fún un. Ìdíwọ̀n tí kò ní àríyànjiyàn ni ti ààrò láàbù: 105°C títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. Èkejì ni iyanrìn. Ẹni tó bá sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tàbí sórí ilẹ̀ lásán, iyanrìn ló ń tà. Kankéré tí a gbá tàbí tapólì ni ibi ìsá. Ẹ̀kẹta ni oró inú ẹ̀gẹ́, sáyánáìdì. Èèpo ní in ju ara ẹ̀gẹ́ lọ. Lílọ̀ ló ń tú u sílẹ̀, fífún ń gbé púpọ̀ nínú ẹ̀ lọ pẹ̀lú omi, gbígbẹ á lé ìyókù. Ẹni tó bá fò lílọ̀ torí kó lè yára, inú èèpo ló fi í sí.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, pẹ̀lú nọ́ńbà. Kí wọ́n sì fi ìyọkúrò rọ́pò ìdápadà fún ohun kékeré. Bí ẹrù kílò 1,000 bá dé pẹ̀lú omi 14%, ohun gbígbẹ inú rẹ̀ jẹ́ kílò 860, tó ṣe déédéé kílò 977 ní omi 12%. Kí wọ́n sanwó 977, kí ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tí kò bá ní irú gbólóhùn yìí, wọ́n á dá ọkọ̀ rẹ̀ padà torí 2%, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ á sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Nípa yíyọ èyí tí a ó yẹ̀ wò: tọ́ọ̀nù 5 jẹ́ àpò 100 tó jẹ́ kílò 50. Ẹ yọ díẹ̀díẹ̀ nínú àpò 10, iwájú ọkọ̀, àárín, ẹ̀yìn, òkè, ìsàlẹ̀. Ẹ pò ó pọ̀, ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta: ọ̀kan fún ilé-iṣẹ́, ọ̀kan fún startup, ẹ̀kẹta ni ẹ ó lẹ̀ pa tí àwọn méjèèjì yóò buwọ́ lù. Ẹ̀kẹta yẹn ló ń parí ìjà.

Ẹ tún fi sọ́kàn pé protein inú rẹ̀ kéré, bíi 5%. Díẹ̀ nínú iṣẹ́ àgbàdo ló lè ṣe, kò lè rọ́pò sóyà. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ sóyà pọ́n ọjà yìí, ó fẹ́ ba orúkọ jẹ́ ni.

Ẹlẹ́wúrẹ́_Sábó
Ẹ ti gbàgbé pàǹtí. Tí ẹ bá jọ̀ ọ́, kíkúnná á wà, híhá (èyí tí kò kúnná) á wà. Ta ló ń ra híhá?

Aláàbù_Fíìdì
Ọlọ́run ló rán yín. Ibẹ̀ gan-an ni ìdè ọdún 3 yẹn ti máa pa wọ́n. Híhá le jù fún adìyẹ. Ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù ló ni ín, ẹlẹ́dẹ̀ náà á jẹ ẹ́. Bí fíìdì adìyẹ bá ni ilé-iṣẹ́ ńlá yìí ń ṣe, kíkúnná nìkan ni yóò gbà. Ìwé wá ní wọn kò gbọdọ̀ ta fún ẹlòmíràn. Híhá á máa kó jọ síbi ìsá, owó á wà nínú ẹ̀, ọwọ́ ò ní lè kàn án. Òkìtì tí wọ́n ní àwọn fẹ́ pa rẹ́ lẹ́yìn gàrí á tún padà ga níbòmíràn.

Amòfin_Ìsarà
Mo gba ọ̀rọ̀ híhá, mo sì fẹ́ fi tòfin kún un.

Lórí àìgbọdọ̀-tà-fẹ́lòmíràn: ẹni tó bá fẹ́ dè yín ní láti de ara rẹ̀ náà. Kí ìwé sọ pé kíkúnná nìkan ni, oṣù 12 ni, àti pé ilé-iṣẹ́ yóò ra ó kéré tán tọ́ọ̀nù 15 lóṣù tàbí kó sanwó tọ́ọ̀nù 15 láìrà. Oṣù tí kò bá rà tí kò sì san, okùn já. Bí wọn kò bá gbà, ẹ fi ẹ̀tọ́ àkọ́bèèrè rọ́pò rẹ̀: ẹ ó kọ́kọ́ fi lọ̀ wọ́n, bí wọn kò bá dáhùn láàárín ọjọ́ 5, ẹ lè tà á síta.

Lórí "iye tó bá wà lọ́jà": ọjà wo? Èèpo ẹ̀gẹ́ kò ní ọjà tí a lè tọ́ka sí bíi ti àgbàdo. Ẹ so ó mọ́ àgbàdo. Bí àpẹẹrẹ, 60% iye tí ilé-iṣẹ́ náà fi ra àgbàdo lọ́sẹ̀ yẹn, kó má sì sọ̀ kalẹ̀ ju ₦120,000 lọ bí ₦100,000 bá ni ìnáwó. Láìsí iye ìsàlẹ̀ yẹn, tí mo pè ní ilẹ̀ iye, nígbà tí àgbàdo tuntun bá jáde tó sì pọ̀, ilé-iṣẹ́ á padà sọ́dọ̀ àgbàdo, ẹ̀yin á sì wà nínú ìdè.

Lórí ọgbọ́n iṣẹ́: ohun tí ayé ti mọ̀ kì í ṣe tuntun lójú òfin Patents and Designs (òfin ẹ̀tọ́ lórí ohun tuntun tí èèyàn ṣe), kò sẹ́ni tó lè fi gba ìwé-ẹ̀rí. Ohun tí startup ní gan-an ni ìwé àkọsílẹ̀: ta ló ń bó ẹ̀gẹ́, níbo, lọ́jọ́ wo, èèpo mélòó. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní ìyẹn lè rán ọkọ̀ tirẹ̀. Ẹ yọ gbólóhùn náà pátá.

Lórí ẹ̀rọ: bí ilé-iṣẹ́ bá fúnra rẹ̀ ra ẹ̀rọ dípò kó fi owó ránṣẹ́, orúkọ ta ló wà lórí rìsíìtì? Láti 2017 ni òfin Secured Transactions in Movable Assets ti jẹ́ kí ẹ̀rọ, ẹrù àti ìnfóìsì (ìwé owó tí ẹlòmíràn jẹ yín) dúró fún ẹ̀yáwó. Ẹ̀rọ tí kì í ṣe tiyín kò lè dúró fún yín. Ẹ wò ó dáadáa kí gbólóhùn kankan má sọ pé ẹ kò gbọdọ̀ fi ìnfóìsì yín lé báńkì lọ́wọ́. Ó sábà máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn ìwé, láàárín àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í kà.

Akọ̀wé_Àpérò
Ẹnìkan béèrè ní kọ̀rọ̀ bóyá Startup Act, òfin àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lóṣù kẹwàá 2022 lè ràn wọ́n lọ́wọ́.

Amòfin_Ìsarà
Díẹ̀ ni. Òfin yẹn fẹ́ ilé-iṣẹ́ tí kò tíì ju ọdún 10 lọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ orí kọ̀ǹpútà. Sísá èèpo kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní áàpù tó ń to ọ̀nà ọkọ̀ tó sì ń sanwó fáwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n lè gbìyànjú. Ìdínkù owó orí tí òfin náà fún olùdókòwò sì wà fún ẹni tó fi owó ra ìpín. Gíráǹtì kì í ṣe ìdókòwò. Bí ilé-iṣẹ́ bá ń fi ìyẹn tan wọ́n, ó ṣì í.

Àgbà_Orù
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ẹ ti sọ̀rọ̀ òfin. Ta ló ni èèpo?

Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ kó èèpo fún ewúrẹ́ á kàn wá kó o. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dá owó lé e, ẹni mẹ́ta á dìde: ẹni tó ni ẹ̀gẹ́, ẹni tó ni ilé ẹ̀rọ, àti àwọn obìnrin tó ń bó o tí wọ́n ń gbowó lórí agbọ̀n. Bí ẹ bá bá onílé ẹ̀rọ nìkan sọ̀rọ̀ torí pé òun ló ní fóònù, àwọn tó ń bó o á máa da iyanrìn àti ìdí ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn. Wọn kò ní ṣe é pẹ̀lú ìkà. Kò sóhun tó kàn wọ́n nínú ẹ̀ ni.

Ẹ pè wọ́n jọ kẹ́ ẹ tó gbé òṣùwọ̀n dé. Ẹ jẹ́ kí iye méjì wà: èèpo tí a ṣà mọ́ ní iye tirẹ̀, èyí tí a kò ṣà ní iye tó kéré. Owó lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe òpin oṣù. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ta á ka òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì fi apá kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní tó ń fi bọ́ ewúrẹ́ wọn, torí bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ tán, ìran wọn lẹ máa jà pẹ̀lú. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá bá ń wá ohun tó jẹ́ ti aráàlú tí yóò fi yàwòrán lójúde ọba, èyí ni.

Àlejò_Ìlíṣàn
Ẹ kú ọgbọ́n, Màmá. Ọ̀rọ̀ yín bá ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bangladesh mu. Ní 2006, Danone ti ilẹ̀ Faransé àti Grameen dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Bogra láti máa ta yógọ́ọ̀tì tó ní èròjà aṣaralóore fáwọn ọmọ tálákà. Taka 5 ni ife kan. Ní 2008 wàrà wọ́n, wọ́n sọ ọ́ di taka 8, ọjà sì ṣubú lulẹ̀. Wọ́n ní láti dín ife kù sí gíráàmù 60, kí wọ́n tà á ní taka 6. Owó ńlá wà lẹ́yìn wọn, síbẹ̀ wàrà ló darí wọn. Èèpo ni wàrà tiwa. Lọ́jọ́ tó bá di ohun rírà, iye rẹ̀ á gòkè. Kí ilẹ̀ tí Amòfin ní kí wọ́n fi sábẹ́ iye náà máa sún bí iye èèpo bá ti ń sún, kó má dúró sójú kan fọ́dún 3.

Oníke_Ṣàgámù
Ẹ má bínú pé mo yà díẹ̀. Ṣé irú ìwé yìí kan àwọn tó ń ṣa ike náà?

Aṣírò_Òde
Ó kàn wọ́n, àmọ́ ipò wọn lágbára jù. Àwọn tó ń ṣe ohun mímu àti oúnjẹ ti dá FBRA, ẹgbẹ́ wọn fún àtúnlò, sílẹ̀ láti 2018, torí ìlànà pé ẹni tó ṣe ike ló ni ẹrù ibi tí ike bá parí sí. Owó tó bá ti ibẹ̀ wá kì í ṣe àánú, gbèsè ni wọ́n ń san. Ẹ má fi ohùn ẹni tó ń tọrọ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ṣọ́ra fún PVC (irú ike páìpù) nínú ike PET (ike ìgò omi): àwọn méjèèjì ń rì sínú omi, nítorí náà omi kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ bó ṣe ń ya ọmọrí tó ń léfòó. Ojú àti ọwọ́ ló ń ṣa á. Tí díẹ̀ bá wọlé, á jóná nígbà yíyọ́, á ba gbogbo ẹrù jẹ́. Ẹ ṣí àpérò tiyín fún ìyókù.

Ẹlẹ́rọ_Ìperu
Ohun kan ṣì kù tí ilé-iṣẹ́ kò kọ sínú ìwé rẹ̀ rárá: omi tí a fún jáde. Tọ́ọ̀nù 3 lójúmọ́, ó lé ní tọ́ọ̀nù 1 omi tó ní oró nínú. Bí ẹ bá darí rẹ̀ sí odò, ẹja á kú, àwọn tó ní adágún ẹja ní ìsàlẹ̀ á sì gbé yín lọ sílé ẹjọ́, wọ́n á jàre. Kòtò méjì tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́, ìkínní kí pàǹtí lè rọ̀ sílẹ̀ sí, èkejì kó jókòó lọ́jọ́ mélòó kan láìbò kí oró náà lè fò lọ. Kó jìnnà sí kànga. Ohun tí startup tó ń pe ara rẹ̀ ní ti àyíká kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ dẹ̀yìn nìyẹn, a ti rí i ní Ògijo ohun tí àtúnlò bátìrì tí a kò bójú tó fi òjé ṣe fún ilẹ̀. Ẹ béèrè owó kòtò lọ́tọ̀ nínú gíráǹtì.

Akọ̀wé_Àpérò
Mo dúpẹ́. Tí wọn kò bá lè yí gbogbo rẹ̀ padà, èwo ni kí wọ́n kú lé lórí?

Amòfin_Ìsarà
Ọjọ́ ìsanwó. Lẹ́yìn ẹ̀, híhá. Lẹ́yìn ẹ̀, ilẹ̀ iye. Àmì lára àpò àti àwòrán, kí wọ́n fún wọn ní méjì dípò ọ̀kan, kò ná wọn ní nǹkan kan.

Aṣírò_Òde
Kí wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀ka tó ń ṣe àánú ló fún wọn ní ₦8m, ẹ̀ka ìrajà ló ń kọ LPO, ẹ̀ka àkáǹtì ló ń sanwó, wọn kì í sábà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìlérí ọjọ́ 14 láti ẹnu ẹni àkọ́kọ́ kò dé etí ẹni kẹta. Kí ọ̀gá àkáǹtì buwọ́ lu ojú ewé yẹn, kí nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń mọ olùtajà sì ti jáde fún startup kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbéra. Tí wọ́n bá béèrè ìwé owó orí ọdún 3, startup tuntun kò ní i; kí wọ́n gba ìyọ̀ǹda lórí ìyẹn nísinsìnyí.

Aláàbù_Fíìdì
Kí wọ́n tó buwọ́ lu ohunkóhun, tọ́ọ̀nù 2 ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ọ̀kan tí oòrùn gbẹ, ọ̀kan tí ẹ̀rọ gbẹ, kí wọ́n sì gba èsì láàbù ní kíkọ. Nọ́ńbà inú èsì yẹn ni kí wọ́n gbé lọ síbi ìjíròrò.